Gígun Òkè Adó-Àwáyè Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ: Ìmúra Tí Ó Yẹ Kí Ìdílé Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìdílé tí ó fẹ́ gun òkè mu. Òkè Adó-Àwáyè ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, gbajúmọ̀ nítorí adágún Ìyákè tí ó wà lórí àpáta níbẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 300 ni ènìyàn yóò gùn, kí ó tó tún rìn lórí àpáta dé etí omi. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń ṣe ara lóore, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá bí ìyá àti bàbá kò bá múra láti ilé.

ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ Ó LỌ
Ẹ má ṣe gbé ọmọ ọwọ́ gun òkè yìí. Aboyún àti ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ fée tàbí àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣọ́ra gidigidi nípa ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, nítorí àìtó omi lára àti àárẹ̀ lè mú kí ìrora àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi àgbàlagbà kan tì í ní ìsàlẹ̀ òkè, kí ó ṣeré níbẹ̀.

OMI ÀTI OÚNJẸ
Bí eré bá dùn mọ́ ọmọdé, kì í rántí mu omi. Ẹ má ṣe dúró de òùngbẹ. Ẹ máa fún un ní omi díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sinmi. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan gbé omi mímọ́ lítà 2 ó kéré tán, kí ẹ sì gbé lítà 1 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé omi adágún fún mímu. Búrẹ́dì, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn dára fún ìrìn yìí. Mọ́ínmọ́ín, ẹja àti ọbẹ̀ máa ń tètè bàjẹ́ nínú ooru. Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ ni kí ọmọ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

ÀKÓKÒ
Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè ní agogo méje òwúrọ̀. Ọmọ tí ó kéré jù ni kí ẹ fi ìrìn rẹ̀ ṣe ìwọ̀n. Ẹ fẹnu kò láti ilé pé bí agogo mẹ́wàá bá lù tí ẹ kò tíì dé etí adágún, ẹ óò padà. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ ṣáájú, kí ẹkún wọn má bàa yí ìpinnu yín padà. Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí ó ti rẹ̀ máa ń yọ̀, oòrùn ọ̀sán kò sì gbọdọ̀ bá yín lókè. Bí òjò bá ṣú, ẹ má ṣe gùn ún rárá. Àpáta tútù ń yọ̀, àrá sì léwu ní gbangba.

ETÍ ADÁGÚN
Àwọn ará ìlú ka Ìyákè sí omi ọ̀wọ̀. Ihò omi kan tún wà lórí òkè náà tí wọ́n ń pè ní Agbómọfúnyákè. Orúkọ yìí nìkan tó ìkìlọ̀ fún abiyamọ. Ọmọ tí omi ń gbé lọ kì í sábà pariwo. Kí ẹ yan àgbàlagbà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọn yóò fi kúrò níbẹ̀.

ÀMÌ EWU
Orí fífọ́, òòyì, ẹnu gbígbẹ àti ìtọ̀ tí ó pọ́n fi hàn pé omi kò tó lára. Ẹ gbé ọmọ náà sí abẹ́ òjìji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi nu ara rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní omi mu díẹ̀díẹ̀. Ó dára kí ẹ mú ìyẹ̀fun ORS lọ́wọ́; inú omi mímọ́ lítà 1 ni a ń po páálí kan sí. Bí ara ọmọ bá gbóná janjan, tí ó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó dákú, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÍLÉ
1. Ta ni yóò di ọwọ́ ọmọ wo mú?
2. Omi lítà mélòó ni ó wà nínú ẹrù wa?
3. Agogo mélòó ni a óò padà, bí a kò tilẹ̀ tíì rí adágún?

Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé, ẹ lè máa lọ. Ìlera ni ọrọ̀.