Àpò Ara Ìfun Kì Í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí

Nínú èdè Látìn, ọ̀nà tó yà kúrò lára títì ni diverticulum. Orúkọ náà bá a mu: àpò kéékèèké ló ń yọ síta lára ìfun ńlá, níbi tí kò ti lágbára. Ọ̀pọ̀ ló ní in tí kò mọ̀. Ní 1971, Painter àti Burkitt, tó ti ṣe dókítà ní Uganda, di ẹ̀bi rẹ̀ ru oúnjẹ tí kò ní fáíbà. Ẹ ráyè jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. (Ẹ̀pà tí wọ́n kà léèwọ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí 2008 ní Amẹ́ríkà dá a láre.)

Ọ̀rọ̀ tó ń bà mí lẹ́rù ni jẹ̀díjẹ̀dí. A ti fi pe oríṣiríṣi àìsàn ìdí àti ìfun, orúkọ yẹn ló sì ń gbé àgbo tó ń múni yàgbẹ́ wá. Bí ìsàlẹ̀ ikùn lápá òsì bá ń dùn yín pẹ̀lú ibà, tàbí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.