Ara Yín Kò Nílò Tíì Afọnú: Ìkìlọ̀ fún Àwa Ará Marine Beach

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wọkọ̀ ní Marine Beach ní Àpápá, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Wharf lówùúrọ̀ tí ẹ sì ń padà sí Ajégúnlẹ̀ lálẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Tíì tí wọ́n ń pè ní dítọ́ọ̀sì, àgbo afọnú, oje èso tí wọ́n ní kéèyàn fi ọjọ́ méje mu láìjẹun: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ara yín nílò kí ẹ tó lè máa jẹun bó ṣe yẹ. Kò sí èyí tó ń yọ́ ọ̀rá ikùn. Àwọn kan nínú wọn sì lè ba yín jẹ́ nínú débi pé owó tí ẹ fi rà á kò ní tó ìdá kan nínú owó tí ẹ ó fi wo ara yín.

Bí wọ́n ṣe ń tà á kò ṣàjèjì sí wa. Ọkọ̀ kò tíì kúrò ní gáréèjì tí ẹni tó ń polówó oògùn á ti dìde láàárín èrò, á ní, "Màmá, ẹ wo ikùn yín. Ìdọ̀tí ọdún mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ yẹn." Ìyá alágbo náà ní tirẹ̀ nínú abọ́ lẹ́bàá títì. Àwọn ọ̀dọ́ kò tilẹ̀ nílò gáréèjì mọ́. Orí Instagram àti WhatsApp ni wọ́n ti ń rí àwòrán obìnrin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sanra ní àkọ́kọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìkejì, àwọn tó ń tà á yóò sì fi alùpùpù gbé tíì náà wá bá wọn nílé. Ẹnu yàtọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: májèlé wà nínú rẹ, ra èyí, yóò fọ̀ ọ́ jáde, ikùn rẹ yóò wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí tètè máa ń wọ̀ wá létí nítorí pé ó bá ohun tí wọ́n fi tọ́ wa mu. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ẹni tó bá jẹ ohun dídùn jù, jẹ̀díjẹ̀dí yóò mú un, àfi kó mu ohun tí yóò ṣí i nínú. Ní 2011, àwọn olùwádìí láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Sùúrùlérè, tí kò jìnnà sí wa. Nínú ènìyàn 388 tí wọ́n bi léèrè, 259 ló ń lo egbòogi, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló sì ṣíwájú gbogbo rẹ̀. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ ló júwe rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. N kò bá egbòogi àwọn baba wa jà. Ẹni tí inú rẹ̀ kùn, tó mu ohun tó mọ̀, lọ́nà tó mọ̀, mọ ohun tó ń wá. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tí wọ́n wá fi ẹ̀rù ìdọ̀tí tí kò sí mú láti máa fọ inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú tíì náà. Bí ẹ bá ka ẹ̀yìn páálí púpọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí sẹ́nà níbẹ̀. Ìbátan ewé àsùnwọ̀n tí àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ń tà ni. Oògùn gidi ni sẹ́nà fún ẹni tí ìgbẹ́ há mọ́ nínú, fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Yóò fún ìfun ńlá mọ́ra, láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìlá ẹni náà á sáré lọ sílé ìgbẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Kò mọ májèlé, kò mọ ọ̀rá. Ní ti ìdọ̀tí ọdún mẹ́wàá tó lẹ̀ mọ́ ìfun, kò sí i. Awọ inú ìfun máa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, èyí tó gbó á bọ́, á sì bá ìgbẹ́ lọ. Kí ni yóò wá fi ọdún mẹ́wàá lẹ̀ mọ́ ohun tí kì í pé ọ̀sẹ̀ kan kó tó di tuntun?

Ẹlẹ́dàá ti fi ẹni tó ń fọ ara sínú ara. Ẹ̀dọ̀, tó wúwo tó nǹkan bíi kílò kan àbọ̀ lára àgbàlagbà, ló ń gba ohun tó bá ti inú oúnjẹ, ọtí àti oògùn wọnú ẹ̀jẹ̀, tó ń tú u palẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ohun tí ara lè lé jáde. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ omi tó tó lítà 180 láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká fi píọ̀ wọ́tà wọ̀n ọ́n: báàgì kan tó ní ọ̀rá 20 jẹ́ lítà 10, nítorí náà báàgì 18 ni kíndìnrín yín ń sẹ́ láàárọ̀ sí àárọ̀ kejì. Wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù lọ padà sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi nǹkan bíi lítà kan tàbí méjì gbé ìdọ̀tí jáde, òun ni ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe tirẹ̀, ìfun ń ṣe tirẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá dúró ní tòótọ́, tíì kọ́ ni ẹ ó máa wá kiri. Ẹ ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan á sọ: Àpápá kọ́ là ń gbé yìí? Èéfín tírélà àti ọkọ̀ agbépo, èéfín jẹnẹrétọ̀, eruku títì, ṣé wọn kò wọ̀ wá lára ni? Wọ́n ń wọ̀ wá lára, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Àmọ́ májèlé tòótọ́ ní orúkọ, ó ní àyẹ̀wò, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ní 2010, òjé tó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ MSF gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà, wọ́n wọn òjé inú rẹ̀, wọ́n fún wọn ní oògùn tó máa ń di òjé mú kó lè bá ìtọ̀ jáde, àwọn mìíràn sì kó ilẹ̀ olóró kúrò ní àwọn abúlé náà. Bí a ṣe ń yọ májèlé nìyẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ Sense about Science ní Ìlú Ọba bi àwọn tó ṣe ọjà dítọ́ọ̀sì 15 léèrè ní 2009 pé májèlé wo ni ọjà wọn ń yọ, wọn kò rí ẹ̀rí gidi gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín ní ìbéèrè kan náà: kí ni orúkọ májèlé náà, báwo ni wọ́n sì ṣe wọ̀n ọ́n?

Ẹlòmíì á ní, "Ṣùgbọ́n mo fò lé ìwọ̀n, mo sì ti jò." Òótọ́ ni. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà tó tó giramu 400 sí 500 pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, giramu kọ̀ọ̀kan sì ń di omi bíi giramu mẹ́ta mọ́ra. Bí ẹ bá dá oúnjẹ dúró ní ọjọ́ méjì mẹ́ta, ara á ná púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn, omi rẹ̀ á bá a lọ. Kílò méjì lè lọ báyìí láìjẹ́ pé ọ̀rá kan dan-in dan-in kúrò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà sídìí ẹ̀bà, omi náà á padà. Ní ti ìgbẹ́ gbuuru, inú ìfun kékeré ni ara ti ń gba agbára oúnjẹ, sẹ́nà sì rèé, ìfun ńlá ló ń dà láàmú, lẹ́yìn tí oúnjẹ ti wọ ara tán. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà kan dán èyí wò ní 1983 pẹ̀lú oògùn ìgbẹ́ tó lágbára. Àwọn tó lò ó ṣu omi lítà mẹ́rin sí mẹ́fà, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 12 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára oúnjẹ tí ara wọn gbà fi dín kù. Ẹ gbé ewu lítà mẹ́fà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè tó wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Klein àti Kiat, sì kó gbogbo ìwádìí lórí oúnjẹ dítọ́ọ̀sì jọ ní 2015, wọn kò rí ìwádìí tó dúró dáadáa kan tó fi hàn pé ó ń yọ májèlé tàbí pé ó ń mú ènìyàn jò pẹ́ títí.

Ewu rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ìgbẹ́ gbuuru kì í gbé omi nìkan lọ. Ó ń gbé iyọ̀ ara lọ pẹ̀lú, pàápàá potásíọ̀mù, èyí tí ọkàn fi ń lù déédéé. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó sì ń lo oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, oògùn yẹn lè ti máa dín potásíọ̀mù rẹ̀ kù tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tún fi tíì afọnú lé e, ọkàn rẹ̀ lè ṣe ségesège. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó lo oògùn rẹ̀ tí kò sì jẹun nítorí pé ó ń mu oje, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ kó dákú. Aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn kò gbọdọ̀ dán an wò, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọdé àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró, bí ó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, oògùn náà lè má ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù ní Wharf, tí ẹ ń làágùn láti àárọ̀ dalẹ́, omi tí ẹ ń pàdánù ti pọ̀ tó.

Ẹ má sì rò pé ewé ni, kò lè ṣe nǹkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin kan ní ìlú Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ gba oògùn amúnijò ní ilé ìtọ́jú kan. Egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣèèṣì fi ewéko olóró kan rọ́pò èyí tó yẹ. Obìnrin tó lé ní 100 ni kíndìnrín wọn bàjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹni tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún. Nítorí kí ikùn lè wọlé ni o. Ní Amẹ́ríkà, Stanley Burroughs ló bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ olómi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata ní àwọn ọdún 1940, tó ní ó ń fọ ara. Ó fi í tọ́jú ọkùnrin kan tó ní àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ọkùnrin náà kú. Ní 1984, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní California fagi lé ẹ̀sùn ìpànìyàn tí wọ́n dá a lẹ́bi fún, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ sí i pé ó jẹ̀bi ṣíṣe iṣẹ́ dókítà láìní ìwé àṣẹ. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Teami tó ń ta tíì dítọ́ọ̀sì lórí Instagram san mílíọ̀nù kan dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà nítorí ìlérí tí wọn kò ní ẹ̀rí fún.

Nílé wa, ẹ máa yẹ ẹ̀yìn páálí wò. Bí kò bá sí nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má fi kan ẹnu. Bí nọ́ńbà bá sì wà, ẹ tún ka ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí lára ọ̀pọ̀ egbòogi ni wọ́n kọ ọ́ sí pé NAFDAC kò tíì yẹ ìlérí inú rẹ̀ wò. Nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀rí pé yóò mú yín jò.

Kí wá ni ká ṣe? A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí èèyàn jò ní àbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ tó, ó sì máa ń pẹ́ lára. Ẹni tó wọn kílò 90, bí ó bá lè jò ní kílò mẹ́rin àbọ̀ péré, ìyẹn nìkan lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀ sàn díẹ̀. Ohun tí ẹ ó sì fi ṣe é wà ní ọjà Boundary. Ẹ dín òkèlè kù kó má ju ìkúùkù yín lọ, kí ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ nínú abọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, ilá. Ẹ fi ẹja àti ẹ̀wà ṣe oúnjẹ amáradàgbà. Ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín máa ń pẹ́ nínú ju búrẹ́dì àti pọ́fù-pọ́fù lọ. Ẹ dín epo inú ọbẹ̀ kù. Èso, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má fún un sẹ́: ọsàn tí a jẹ pẹ̀lú ẹran ara rẹ̀ ń ṣe ìfun lóore ju oje rẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó giramu 400 lójúmọ́, kí iyọ̀ má sì kọjá giramu márùn-ún.

Ohun mímu ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò mínírà: bí wọ́n bá kọ giramu 10 fún mílílítà 100, ìgò 50cl kan ti gbé giramu 50 ṣúgà fún yín. Nítorí ewu yìí ni òfin ìnáwó 2021 ṣe fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn. Ẹni tó ń mu méjì lóòjọ́ tó bá fi omi rọ́pò wọn ti ṣe ju ohun tí tíì oṣù kan lè ṣe lọ. Paràgà gáréèjì náà, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tí ẹ ń wá tíì fọ̀ ni ó ń nà. Ẹ sì máa rìn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, ní òpópónà àdúgbò tí tírélà kò gbà.

Ẹni tó bá ti mu afọnú, tí òòyì ń kọ́, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, tí iṣan ẹsẹ̀ ń fà, tí ìtọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n tàbí tó dúdú, tàbí tó ṣu ẹ̀jẹ̀, kó má dúró wo ọjọ́ kejì. Kí ó gba Ọsibítù Ìjọba Ajéròmí lọ, kí ó gbé páálí tàbí ìgò ohun tó mu dání, kí ó sì sọ òtítọ́ fún dókítà. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má ra tíì lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ládùúgbò yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò, kí ẹ sì béèrè bí ẹ ṣe lè forúkọ sílẹ̀ fún Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa. Ohun tí wọ́n bá sọ fún yín níbẹ̀, ẹ fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀ bí ẹ ó ṣe máa jẹun, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ọmọ yín tó ń wo Instagram.