Ta Ni Yóò Tọ́jú Ọmọ Bí Tọkọtaya Bá Kọ Ara Wọn?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ìgbéyàwó bá tú ká, tọkọtaya lè pín àga, wọ́n lè pín ìkòkò, wọ́n sì lè pín owó. Ọmọ nìkan ni wọn kò lè là sí méjì. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti kọ ara wọn kò sì ní ṣàì wà nínú kíláàsì wa.

Kí ni àṣà wí? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé baba ni a ka ọmọ mọ́. Bí ó bá ṣì ń mu ọmú, ọ̀dọ̀ ìyá ni yóò wà; bí ó bá dàgbà díẹ̀, àwọn ará ilé baba a wá mú un. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé baba ló máa ń jàre. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1989, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ pé, bí òfin ìbílẹ̀ tilẹ̀ fún baba ní ẹ̀tọ́ yìí, kóòtù kò ní fọwọ́ sí i bí yóò bá pa ọmọ lára.

Kí ni òfin ìjọba wí? Òfin ọdún 1970 tó wà fún ìgbéyàwó rẹ́jísírì sọ ní abala 71 pé ire ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 náà tẹ̀ lé e. Nítorí náà, adájọ́ kò fi ọmọ ta ẹni tó jàre lọ́rẹ. Ohun tí yóò wádìí ni pé: Níbo ni ọmọ yóò sùn? Ta ni yóò máa bójú tó o? Ṣé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní dúró?

Ní òkè Ọya tí a wà yìí, ilé-ẹjọ́ Ṣàríà ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Málíkì. Ìyá ló ń tọ́jú ọmọkùnrin títí yóò fi bàlágà, àti ọmọbìnrin títí yóò fi wọ ilé ọkọ. Baba ni yóò sì máa san owó oúnjẹ àti aṣọ.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ọmọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ òbí. Ó lè bẹ kóòtù pé òun fẹ́ máa rí ọmọ òun, kò sì gbọdọ̀ fi owó ilé-ìwé dù ú nítorí ìjà. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Kí a má sọ ọmọ di ìránṣẹ́ tí ń ru èébú láti ilé kan dé èkejì.

Àwa olùkọ́ ọ̀la náà, ẹ má jẹ́ kí a bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀ ilé wọn lójú ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá wá mú ọmọ ní ilé-ìwé, kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí kóòtù pa láṣẹ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀tọ́ baba àti ire ọmọ?
2. Baba kan kọ̀ láti san owó ilé-ìwé àyàfi tí ìyá bá dá ọmọ padà fún un. Kí ni ẹ ó sọ fún un?