Èrè, Ẹ̀san, Ẹ̀bùn àti Kóríyá

Nígbà tí a bá ń ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi oúnjẹ kọ́ ẹranko níṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu la máa ń mú nínú èrè, ẹ̀san àti ẹ̀bùn. Àṣìlò ni, nítorí àkókò wà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́jà ní Ifo kì í mọ èrè rẹ̀ àfi tó bá tajà tán, tó sì yọ owó tó fi ra ọjà kúrò. Ẹ̀san a máa pẹ́, ìbáà ṣe ti rere tàbí ti ibi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ó ń bọ̀. Ẹ̀bùn ní tirẹ̀ kì í béèrè ohun tí èèyàn ṣe. Kóríyá ló ń bá iṣẹ́ rìn: ọwọ́ onílù ṣì wà lára ìlù tí wọ́n ti ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Kóríyá ni mo gbà pé ó yẹ ká lò.

Ẹ wo òkété, tí àwọn ọdẹ agbègbè Mowe àti Ibafo mọ̀ dáadáa. Irú rẹ̀ ni àjọ APOPO ń kọ́ ní Morogoro, ní Tanzania, láti máa fi imú wá àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà àjọ PDSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020 fún iṣẹ́ tó ṣe ní Cambodia. Bí òkété bá ti mú òórùn náà, olùkọ́ á tẹ ohun kékeré kan tó ń dún, oúnjẹ á sì tẹ̀lé e. Ìró yẹn ló ń dí àlàfo tó wà láàárín iṣẹ́ àti oúnjẹ, àlàfo náà kò sì kéré lójú ẹranko. Ní 1948, G. Robert Grice ń kọ́ àwọn eku láti mọ ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun. Àwọn tó rí oúnjẹ lójú ẹsẹ̀ tètè mọ̀ ọ́n. Àwọn tí oúnjẹ wọn fi ìṣẹ́jú àáyá 5 péré pẹ́, ẹ̀kọ́ wọn falẹ̀ gan-an. Ní ọdún yẹn kan náà, B. F. Skinner ń fún àwọn ẹyẹlé lóúnjẹ látìgbàdégbà, ohun yòówù kí wọ́n máa ṣe. Ẹ̀bùn gidi nìyẹn. Síbẹ̀, nínú ẹyẹlé 8, 6 ló di ìṣe kan mú: ọ̀kan ń pòòyì, òmíràn ń ti orí bọ igun àpótí. Skinner ní ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí oúnjẹ dé ló mọ́ wọn lára. Àwọn onímọ̀ mìíràn jiyàn rẹ̀ lẹ́yìn náà, pé bí ẹyẹ ṣe ń retí oúnjẹ ló fà á. Ti Grice ni mo gbára lé jù.

Ẹnì kan lè ní John Garcia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1966 pé eku tó mu omi aládùn, tí ara rẹ̀ kò yá ní nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, ṣì máa ń yẹra fún omi ọ̀hún. Òótọ́ ni. Ohun tó gba ẹnu wọlé, tó wá da inú rú, nìyẹn, ẹ̀san gan-an sì ni orúkọ rẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní èèyàn nìkan là ń ṣe kóríyá fún. Ọdẹ tó ń ké pe orúkọ ajá rẹ̀ lásìkò tí ajá ń lé ẹran lọ ńkọ́? Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n fi oúnjẹ ṣe kóríyá fún òkété lójú ẹsẹ̀. Bí oúnjẹ bá pẹ́ kó tó dé, ẹ lè pè é ní èrè.