Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: AFẸ́FẸ́ ORÍ ÒKUN



Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀, ṣé owó ni yóò kọ́kọ́ san? Rárá o! Yóò ní kí mẹkáníìkì tan án, kí ó fetí sí i, kí ó wò ó bí ó bá ń rú èéfín. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó dúnàádúrà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ orí òkun ṣe iná mànàmáná ṣe máa ń ṣe.

Kò sí igi tàbí ilé tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà lórí òkun. Wọ́n á ri òpó gíga mọ́ ìsàlẹ̀ omi. Apá mẹ́ta bíi ti fáànù wà lókè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń yí apá, apá ń yí jẹnẹrétọ̀, wáyà abẹ́ omi sì ń gbé iná wá sí ilẹ̀. Kò lo bẹntiróòlù rárá.

Ní ọdún 1991, ilẹ̀ Dẹ́nmákì ri òpó 11 sínú òkun ní Vindeby. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ayé, wọ́n sì tú u ní 2017. Ní 2022, Hornsea 2 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún pẹ̀lú òpó 165.

Ṣùgbọ́n ètò gbọ́dọ̀ ṣáájú òpó:

1. A ó wọn afẹ́fẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò.
2. A ó yẹ ìsàlẹ̀ òkun wò: ṣé àpáta ni, àbí ẹrẹ̀?
3. A ó bi àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀ ojú omi léèrè. Àwọn ará Mákòkó lè sọ fún yín pé omi ni oko apẹja. Bí a bá gba oko rẹ̀, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ?
4. A ó mọ ẹni tí yóò ra iná náà, àti iye tí yóò san.

Ẹ wo Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ri òpó 37 sí níbẹ̀. Ní 2012, àwọn ajínigbé gbé ẹnjiníà ará Faransé kan lọ, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ ò rí i pé afẹ́fẹ́ nìkan kò tó?

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé irú iṣẹ́ báyìí wá sí àdúgbò yín, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló ń yí jẹnẹrétọ̀ náà?
2. Ta ni ó yẹ kí a bi léèrè kí a tó ri òpó sínú òkun? Nítorí kí ni?