Igba Ojú ni Òwe Wí, Kì í Ṣe Igba Ilé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀bù pírófísọ̀n ni mo ní ní Òkè Àrin, Múṣín ni a sì ń gbé. Mo ti ń jáde ní ìdájí, n kì í sì í padà délé kó tó di agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Iṣẹ́ gbé bàbá àwọn ọmọ lọ sí Port Harcourt, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin bí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀. Ibi méjì ni wọ́n ti ní kí n mú ọmọbìnrin náà wá. Àkọ́kọ́ ni ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Èkejì ni ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ọkọ mi àti ìyàwó rẹ̀, olówó ni wọ́n, inú ẹ́sítéètì ni wọ́n ń gbé ní Lẹ́kí. Ìyá mi tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí orúnkún kò jẹ́ kó lè rìn jìnnà mọ́, ní Abẹ́òkúta ni kí ó lọ, pé ẹ̀jẹ̀ ju owó lọ. Ọkọ mi ní Lẹ́kí ni, nítorí ilé-ìwé tó dára. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Abiyamọ, Òkè Àrin.

ÌDÁHÙN: Abiyamọ wa, ẹ kú làálàá ọjà, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ìyá yín ń fi ẹ̀jẹ̀ díwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ yín ń fi owó díwọ̀n rẹ̀. Ohun tí èmi yóò fi díwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Òwe kan wà tí a máa ń pa níbi ìsọmọlórúkọ débi pé etí wa kò gbọ́ ọ mọ́: ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ojú ni àwọn àgbà dárúkọ. Wọn kò sọ pé igba ilé, wọn kò sọ pé igba ìbátan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ pé igba náírà. Nítorí náà, ilé yòówù tí wọ́n bá ní kí ẹ mú ọmọ yín wá, ìbéèrè tèmi ni pé: ojú mélòó ni yóò máa rí ọmọ yìí lójúmọ́, ṣé ojú tiyín sì wà nínú wọn?

Ẹ jẹ́ ká wo bí fífi ọmọ fún ẹbí tọ́ ṣe rí nígbà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, inú agbo ilé ni ọ̀pọ̀ ọmọ dàgbà sí. Ọmọ lè máa sùn ní yàrá ìyá àgbà, kó máa jẹun lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń tajà sì máa rán an níṣẹ́, síbẹ̀ àgbàlá kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá lù ú jù, ẹni tó ń fọṣọ níta gbọ́. Bí ó bá ń rù, ìyá tó bí i rí i láàárọ̀ nígbà tó ń lọ sọ́jà. Kò sí ẹni tó ní láti lọ ṣe ìwádìí kankan. Uche Isiugo-Abanihe, onímọ̀ nípa iye ènìyàn tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1985, fi hàn pé káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni àṣà náà wà, àti pé kì í ṣe àìrí-jẹ nìkan ló ń fà á. Àwọn kan ń fi so okùn ẹbí, àwọn kan torí ikú tàbí ìkọ̀sílẹ̀, àwọn kan torí iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ilé-ìwé, àwọn mìíràn sì torí pé onílé ń wá ẹni tí yóò máa ran òun lọ́wọ́ nínú ilé. Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀.

N kò sọ pé ayé àtijọ́ mọ́ gaara. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà nínú The History of the Yorubas, ìwé tó jáde ní 1921: ẹni tó yá owó a máa sin olówó, tàbí kó fi ọmọ rẹ̀ sìn ín, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà ló sì dúró fún èlé títí wọn yóò fi san owó náà tán. Ilé olówó ni ìwọ̀fà ti ń ṣiṣẹ́, ilé ẹlòmíràn ni ọmọ tí a gbà tọ́ náà wà, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò pe méjèèjì ní orúkọ kan. Àwa ni a dà wọ́n pọ̀. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà, ọmọ ọ̀dọ̀: ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹni. Kò sí ẹrú nínú rẹ̀, kò sí ìránṣẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ ní Èkó lónìí, ẹni tó ń fọ abọ́ tó sì ń pọn ọmọ onílé ni gbogbo ènìyàn ń rí lójú inú. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń pe ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹni ní vidomègon lédè Fọ̀n. Orúkọ àṣà ẹbí ni tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, ọmọdé tí wọ́n ń lò bí ẹrú ló ń wá sọ́kàn. Orúkọ kì í dédé bàjẹ́ báyìí ní ilẹ̀ méjì. Ọ̀nà jíjìn ló bà á jẹ́. Ọmọ kúrò ní àgbàlá tí ìyá ń gbà kọjá, ó lọ sí ibi tí ìròyìn nìkan ti ń wá.

Ìsàlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ti rí ohun tí ọ̀nà jíjìn lè ṣe. Ní 1955, àjọ ìjọba tí ń jẹ́ Lagos Executive Development Board bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n ní àdúgbò náà kún jù, ó sì dọ̀tí, wọ́n wá kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun ni, àyè sì wà níbẹ̀. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣèwádìí láàárín àwọn ìdílé náà, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ wọn pàdánù ni rírí ara wọn lójoojúmọ́. Ìbátan tí wọ́n ti ń kí láàárọ̀ di ẹni tí wọ́n ní láti wọ ọkọ̀ lọ bá, owó ọkọ̀ sì mú kí ìbẹ̀wò dín kù. Láti Erékùṣù sí Sùúrùlérè ni a ń sọ yìí o. Kí ni ká wá sọ nípa Abẹ́òkúta, fún obìnrin tí kì í délé kó tó di agogo mẹ́sàn-án alẹ́?

Ìyá yín yóò dáhùn pé ẹ̀jẹ̀ kò ní jẹ́ kí ibi ṣẹlẹ̀. Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast, wà lọ́dọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 1991 ni wọ́n bí i ní Abobo, ní Abidjan. Marie-Thérèse Kouao, àǹtí bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé, ṣèlérí fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun yóò fi í sílé-ìwé, wọ́n sì gbà. Wọn kì í ṣe òbí tí kò bìkítà. Ohun tí ẹ̀yin ń wá fún ọmọ yín gan-an ni wọ́n ń wá. Ní oṣù kẹrin 1999, àǹtí yìí mú un dé London pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tó ní orúkọ mìíràn. Victoria kò fi ẹsẹ̀ kan ilé-ìwé níbẹ̀. Ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni pé àlàáfíà ló wà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2000, ó kú ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ojú ọgbẹ́ àti àpá 128 ni wọ́n kà ní ara rẹ̀. Kouao àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ìwádìí tí Lord Laming darí, tó jáde ní 2003, fi hàn pé, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀méjìlá ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àǹfààní láti gba ọmọ náà sílẹ̀. Ojú wà, ṣùgbọ́n ojú àjèjì ni, ojú tí kò mọ bí ọmọ náà ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ì bá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá mọ̀. N kò fi àbúrò ìyá yín wé apànìyàn, ká má rí i. Mo ní kí ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ rọ́pò ojú ni.

Ti Lẹ́kí wá ńkọ́, níbi tí kò sí ẹ̀jẹ̀ rárá? A ti rí irú rẹ̀ rí. Láti bí ọdún 1955 síwájú, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí wọn kò mọ̀ rí. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni ọ̀pọ̀ wọn ti polówó láti wá ẹni tí yóò gbà wọ́n tọ́. Wọ́n rò pé bí a ṣe ń fi ọmọ fún ènìyàn tọ́ nílé náà ni. Àwọn ọmọ kan rí ìfẹ́, àwọn kan rí ìyà. Òṣèré kan, Adewale Akinnuoye-Agbaje, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní 2018. Lónìí, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò bá lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tó sún mọ́ ọn, ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́. Òṣìṣẹ́ yóò máa wá wò ó, ó pẹ́ tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ní ọdún àkọ́kọ́, yóò sì bá ọmọ náà nìkan sọ̀rọ̀. Àgbàlá kò sí mọ́, òfin wá ojú tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín ní Lẹ́kí? Ẹ sì ro ti ẹnubodè ẹ́sítéètì: onílé ní láti fún yín ní kóòdù kí sìkọ́ríìtì tó jẹ́ kí ẹ wọlé. Ilé tí ìyá kò lè yà sí láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹ má fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án síbẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú lẹ́tà yín tó jọ pé ẹ kò fura sí. Ọmọ méjì lẹ ní, àbúrò ló sì nílò ìtọ́jú jù, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ní kí ẹ mú un wá. Èyí tó ti mọ abọ́ ọ́ fọ̀, tó ti mọ bí a ṣe ń wẹ̀ fún ọmọdé, òun ni ilé méjèèjì ń béèrè. Ó lè jẹ́ ìfẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí yóò máa ran ilé lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá, kí àwọn fúnra wọn má tilẹ̀ mọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ẹbí rẹ̀ ló sì fàyè gbà. Ọ̀rẹ́ ọkọ, bó ti wù kó sún mọ́ni tó, kì í ṣe ẹbí.

Mo mọ̀ pé òǹkàwé kan ti ń sọ lọ́kàn pé: ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo gbé dàgbà, mo sì di ènìyàn. Òótọ́ ni, irú wọn pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó yege ló ń ròyìn. Ẹni tí kò yege kì í sábà rí ẹni gbọ́ tirẹ̀. Kí ẹni tó yege náà sì rántí dáadáa, bóyá kò sí òbí kan tó ń yọ lójijì, tàbí aládùúgbò kan tó ń bá onílé wí. Ẹlòmíràn yóò ní bíbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìbátan jẹ́ àbùkù. Ìbátan rere kì í bẹ̀rù ojú. Ẹni tó bá bínú nítorí pé ìyá fẹ́ yọjú sí ọmọ rẹ̀ ti dá yín lóhùn ná.

Ilé kẹta wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ gbójú fò: ọ̀dọ̀ ìyá yín. Ẹ ní orúnkún kò jẹ́ kó rìn jìnnà. Kò ní láti rìn jìnnà. Kó jókòó síbi tí yóò ti máa rí wọn ni. Ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn láti Òkè Àrin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wá ilé-ìwé fún àwọn ọmọ méjèèjì sítòsí ibẹ̀, tí wọ́n ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ láti Monday sí Thursday, ẹ óò rí wọn kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹ óò tún yà ní ọ̀sán, ẹ óò sì rí wọn kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Múṣín lálẹ́. Ó nínáwó, mo mọ̀: owó ilé-ìwé, owó oúnjẹ, bóyá owó ọmọ ẹbí kan tí yóò máa ran màmá lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́. Mo sì mọ̀ pé Ìsàlẹ̀ Èkó òní kì í ṣe ti àná. Ọ̀pọ̀ ilé ẹbí ti di plásà, àwọn ọmọ ìta wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ojú ni ojú rere. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó kù nínú agbo ilé náà, ẹ wo yàrá tí ọmọbìnrin yín yóò máa sùn àti ẹni tí wọn yóò jọ wà níbẹ̀. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe rárá, Abẹ́òkúta ló kù, kì í ṣe Lẹ́kí. Kí ẹ mọ orúkọ ilé-ìwé àti olùkọ́ rẹ̀ kó tó lọ, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀, kó sì máa wálé ní gbogbo ọlidé.

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ mú ọmọbìnrin náà jókòó lọ́jọ́ Sunday, kí ẹ bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni ó fẹ́ wà. Nínú lẹ́tà yín, ìyá yín sọ̀rọ̀, ọkọ yín sọ̀rọ̀, Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀, Lẹ́kí náà sọ̀rọ̀. Òun nìkan ni n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀.