Ìmọ̀ràn Àgbà fún Àsìkò Ọyẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò nílùú Èkó, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ọyẹ́. Láti ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ló ń ti Bodélé wá, ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún ńlá ayé àtijọ́ ti gbẹ. Nítorí pé òkun sún mọ́ wa, ọyẹ́ tiwa kì í pẹ́ bíi ti òkè Ọya. Á mú fún ọjọ́ díẹ̀, á lọ, á tún padà. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ yín fi ń fojú kéré rẹ̀. Ẹ gbọ́ tẹnu èmi arúgbó.

1. Ẹ tọ́jú awọ ara yín. Bí ẹ bá wẹ̀ tán, kí omi tó gbẹ lára, ẹ fi òrí tàbí òróró àgbọn pa ara. Ẹ má fi ahọ́n lá ètè tó ń là, ṣe ló máa ń dá kún un. Ẹ fi òrí ra gìgísẹ̀ lálẹ́.

2. Ẹ máa mu omi, kódà bí òùngbẹ kò bá gbẹ yín. Afẹ́fẹ́ yìí ń fa omi ara láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, torí òtútù àti àìmu omi tó lè gbé ìrora egungun dìde. Kó wọ aṣọ òtútù kó tó lọ wọ ọkọ̀ ní Ìyànà Ìbà ní ìdájí.

3. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Bí eruku bá pọ̀ ní títì, ẹ lo ìbòmú. Ẹni tó ní asthma kò gbọdọ̀ gbàgbé oògùn tó ń fà sẹ́nu sílé.

4. Ẹ bẹ̀rù iná. Koríko ti gbẹ, pákó ṣọ́ọ̀bù ti gbẹ, afẹ́fẹ́ sì wà níta tó máa gbé iná kiri. Ẹ má sun ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé, ẹ má tọ́jú epo bẹntiróòlù sínú yàrá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé èédú tó ń jó wọlé torí òtútù kí ẹ sì ti fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn. Ojú oorun ló ti ń pa èèyàn. Irú rẹ̀ náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ pe 767 tàbí 112 kíá.

5. Ẹ bo oúnjẹ yín. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà Lassa máa ń pọ̀ jù. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1969, eku ló sì ń gbé e kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má sá gààrí tàbí ẹ̀lùbọ́ síbi tí eku lè dé. Inú ike tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí.

6. Ẹ máa yọjú sí àwọn àgbà. Láti ọdún 1983 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) sílẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba yàrá láàárín wa. Ọ̀pọ̀ yín ló ń bá ìyá onílé arúgbó gbé. Òtútù máa ń mú àgbà ju ọmọdé lọ, òùngbẹ kì í sì í tètè gbẹ wọ́n. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ bi wọ́n pé, “Mama, ṣé ẹ jí ire? Ṣé ẹ ti jẹun?” Ẹ bá wọn fa omi ní kànga, ẹ bá wọn ra ògì gbígbóná. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, ẹ̀yin tó wà nítòsí sì ni ọmọ wa.

Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ kò burú, àìkíyèsí ló ń sọ ọ́ di ewu. Mo bẹ̀ yín, láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó jáde lọ síbi iṣẹ́ tàbí ilé ìwé, ẹ kọ́kọ́ wo ojú àgbà tó sún mọ́ yín jù.